Àdán ń jẹ lórí igi fúrúùtù bàbá mi n'Ífẹ̀. Ṣé kí n gé igi náà ni?

Àkànkẹ́ Ilé-Ifẹ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, torí ó ti fẹ́ dìjà láàárín èmi àtàwọn ayálégbé wa.

Inú ilé tí bàbá mi kọ́ ni mo ń gbé n'Ífẹ̀ níbí. Igi fúrúùtù kan wà lójúde tí bàbá fúnra wọn gbìn lọ́dún tí wọ́n bí mi. Ó ti ga ju òrùlé lọ báyìí, abẹ́ rẹ̀ la sì máa ń jókòó sí tí iná bá lọ. Igi máńgòrò méjì tún wà lẹ́yìnkùlé. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú báyìí ni àdán á dé. Ẹ ó máa gbọ́ bí apá wọn ṣe ń lu ewé, ẹ ó máa gbọ́ fúrúùtù tó ń já lu páànù gbì, gbì, títí di òru. Tó bá fi máa di àárọ̀, ilẹ̀ á ti kún fún èyí tí wọ́n jẹ kù, ara ògiri funfun á ti di alábàwọ́n, aṣọ tí ẹnikẹ́ni bá gbàgbé sórí okùn ti di àtúnfọ̀ nìyẹn.

Bọ̀ọ̀dá tó ń gbé yàrá iwájú ní mọ́tò, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti bínú bá mi sọ̀rọ̀ pé ìgbẹ́ àdán ń jẹ ọ̀dà mọ́tò àwọn. Ìyá kan nínú àwọn ayálégbé ní ẹyẹ àjẹ́ ni, pé kì í ṣe ojú lásán. Àbúrò mi ní ká ra báńgà ká máa yìn ín lálaalẹ́. Onígi ti wá wo igi, ó ti dá owó lé e, èmi nìkan ló ń dúró dè.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, òkè la ti máa ń rí wọn nírọ̀lẹ́, wọ́n á kàn máa wọ́ lọ lójú ọ̀run bí èéfín, wọn kì í bọ́ sílé wa. Kí ló wá lé wọn wá bá wa? Bí mo bá gé igi náà, ṣé wọ́n á lọ? Ká sòótọ́, ọkàn mi ò fẹ́ gé e. Bàbá mi ti ṣaláìsí, gbogbo ohun tó kù tí mo lè fọwọ́ kàn pé àwọn ló ṣe é, igi yẹn wà nínú ẹ̀.

Ọmọ Arẹ̀mọ

Ẹ̀gbọ́n Àkànkẹ́, ẹ gé e kíá. Mo gé tèmi lọ́dún tó kọjá, mo sì ń sùn dáadáa. Igi ò ju igi lọ, ẹ lè gbin òmíì. Ẹ má jẹ́ kí ayálégbé tìtorí àdán kó jáde nílé yín.

Bàbá Onígi

Àkànkẹ́ ọmọ mi, dákun má tíì jẹ́ kí onígi yẹn gbé ẹ̀rọ ẹ̀ wọlé. Mo wọṣẹ́ olùtọ́jú ọgbà nínú ilé ẹ̀kọ́ kan lọ́dún 1984, ibẹ̀ ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìn tì lọ́dún 2015. Igi niṣẹ́ mi, àdán sì ni aládùúgbò mi ní gbogbo ọdún yẹn. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, abẹ́ igi ni mo ti kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Kọ́kọ́ dá mi lóhùn ná: ṣé wọ́n ń sùn lórí igi yín ni, àbí wọ́n kàn ń wá jẹun? Ọ̀tọ̀ ni igi tí àdán ń sùn sí, ọ̀tọ̀ lèyí tó ti ń jẹun. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń sùn níbẹ̀, wàá rí wọn lọ́sàn-án gangan, wọ́n á so rọ̀ ní ìdì-ìdì lábẹ́ ẹ̀ka, ariwo wọn ò sì ní jẹ́ kó o gbọ́ rédíò. Èyí tó o ṣàlàyé yìí, tí wọ́n ń dé lẹ́yìn tílẹ̀ bá ṣú, oúnjẹ ni mo rò pé wọ́n ń bá wá. Lọ wo abẹ́ igi láàárọ̀ ọ̀la. Wàá rí àwọn nǹkan kéékèèké kan nílẹ̀, bí ìhá ẹyìn tí wọ́n ti fún gbẹ, tí kò ju orí àtàǹpàkò lọ. Àdán kì í gbé èso tó ní ìhá mì. Á rún un lẹ́nu, á fi ahọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ àjà ẹnu, á fa omi rẹ̀ mu, á wá tu ìhá dànù. Tó o bá rí i, tó o sì wòkè lọ́sàn-án tí o ò rí àdán kankan, ó di mímọ̀ pé inú ilé yín kọ́ ni wọ́n ń gbé.

Ìdí tí mo fi bi ọ́ nìyí. Ẹni tó bá gé igi oúnjẹ wọn, ilé kejì ni wọ́n á lọ jẹun. Ẹni tó bá sì gé igi tí wọ́n ń sùn sí, ó lè bá ara ẹ̀ nínú wàhálà tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lọ́dún 2014, nígbà tí àrùn Ebola, tí wọ́n ní ó lè ti ara àdán wá, wọ Èkó, ẹ̀rù ba gbogbo wa. Àwọn ọ̀gá wa ní ká gé igi mẹ́ta tí àdán wà lórí ẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbọ́. A gé e. Àdán ò kúrò nínú ọgbà. Kó tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n ti kó lọ sórí igi tó wà lẹ́bàá ilé ìdáná àwọn ọmọ, níbi tí a ò fẹ́ kí wọ́n dé rárá. Lórí igi àkọ́kọ́, ilẹ̀ lásán ni ìgbẹ́ wọn ń bọ́ sí. Títí di òní ni ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí, torí ọwọ́ mi la fi gé igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, igi tó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé.

O bi wá pé kí ló lé wọn wá. Oko bàbá mi wà lójú ọ̀nà Ifẹ̀tẹ̀dó. Nígbà tí mo wà ní kékeré, igi ńlá ṣì pọ̀ láàárín oko kòkó, ìrókò, àràbà, ọ̀mọ̀. Àwọn tó dáko kòkó láyé ìgbà yẹn kì í gé gbogbo igi, wọ́n máa ń fi àwọn kan sílẹ̀ kó ṣíji bo kòkó. Lẹ́yìn náà làwọn onípákó dé. Wọ́n gé ìrókò tán, wọ́n bọ́ sórí àràbà. Igi tí àdán lè sùn sí lókè réré níbi tí ọwọ́ ò ti lè tó o ń tán lọ. Ìbọn tún wà níbẹ̀. Àdán máa ń sùn pọ̀ lójú kan, ọdẹ tó bá yìnbọn sáàárín wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á já bọ́ bí èso. Nínú ìgboro, ta ló máa yìnbọn? Àdán mọ èyí. Ariwo mọ́tò ò kàn án, ariwo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ò kàn án. Ìró ìbọn ló ń sá fún. Bá a bá sì wo ìgboro dáadáa, àwa fúnra wa la gbin máńgòrò, fúrúùtù, ìbẹ́pẹ àti gúáfà sí gbogbo ojúde. Ibi tó láàbò tó sì tún ní oúnjẹ ni wọ́n wá.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ́sàn-án ti rí wọn. Wọn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1974, nígbà tá a ṣì ń pe ibẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, làwọn olùkọ́ ibẹ̀ ti ń kọ̀wé nípa àwọn àdán Ifẹ̀, irú igi tí wọ́n ń sùn sí àti irú èso tí wọ́n fẹ́ràn. Ó lè jẹ́ ibẹ̀ làwọn tó ń wá sílé yín ti ń dìde. Ọ̀nà yẹn ò jìn lójú àdán. Ní Gánà, àwọn onímọ̀ so ẹ̀rọ kékeré mọ́ wọn lára, wọ́n sì rí i pé àdán lè gbé kóró èso tó wà nínú ikùn ẹ̀ dé ibi tó jìn tó kìlómítà 75 kó tó yà á. Bí ẹni fò láti Ifẹ̀ dé Ìbàdàn nìyẹn.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí èmi fojú rí nípa kóró yìí. Lẹ́yìn ilé mi, lẹ́bàá kànga, irúgbìn kan hù lọ́dún 2009. Mi ò gbìn ín, kò sì sí ìrókò kankan tó kù ní gbogbo àdúgbò wa. Nígbà tí ewé ẹ̀ yọ dáadáa, mo rí i pé ìrókò ni. Kóró ìrókò kéré bí ọkà bàbà, àdán ló máa ń gbé e mì pẹ̀lú èso, tá á sì yà á síbi tó bá wù ú. Ìrókò ọ̀hún jìyà kó tó dàgbà. Kòkòrò kan wà tó máa ń mú kí ewé ìrókò kékeré wú ní kókó-kókó, tórí ẹ̀ á sì kú. Ẹ̀ẹ̀mejì lórí ẹ̀ kú, ẹ̀ẹ̀mejì ló tún rú. Ó ti ga ju òrùlé ilé ìdáná wa lọ báyìí. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: èèyàn gé ìrókò tán nínú igbó, àdán tún ń gbìn ín fún wa lẹ́yìnkùlé.

Wọn ò sì pọ̀ bá a ṣe rò. Ọmọ kan ṣoṣo ni abo ń bí lọ́dún. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ní ọdún tí mo ṣègbéyàwó, mo rí ìyá àdán kan nílẹ̀ lábẹ́ wáyà iná tó kọjá lẹ́nu géètì wa. Bí àdán bá tẹ́ apá méjèèjì, ó lè fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀, kò sì rọrùn fún un láti gba àárín wáyà kọjá láìfara kan méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá ti kú, ó ti ń gbẹ. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń mí lábẹ́ apá ẹ̀. Mo fi aṣọ ká a lọ́wọ́, mo ṣí apá náà: ọmọ ẹ̀ ni, ó ṣì há ọmú ìyá ẹ̀ sẹ́nu, ó fi èékánná di irun àyà ẹ̀ mú gírígírí. Ojú ẹ̀ tóbi, ó ń wò mí. Mo gbé e sínú páálí, mo ń kán omi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sí i lẹ́nu. Ó kú lọ́jọ́ kẹta. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá sọ pé ẹyẹ àjẹ́ ni, mo máa ń sọ fún un pé mo ti rí ọmú ẹ̀. Ẹyẹ wo ló ń fọ́mọ lọ́mú?

Ní ti báńgà, jọ̀wọ́, má ṣe é. Wọ́n á fò, wọ́n á yípo lókè, wọ́n á padà wá nígbà tó o bá sùn. Bó bá sì jẹ́ igi tí wọ́n ń sùn sí ni ẹ yìn ín, àwọn ọmọ tí kò tíì lè fò á já lọ́rùn ìyá wọn, wọ́n á bọ́ sílẹ̀.

Ohun tí mo máa ṣe tó bá jẹ́ ilé mi nìyí. Màá ké ẹ̀ka tó bá na sórí páànù àti síbi tí mọ́tò ń sùn, ìyẹn nìkan. Màá jẹ́ kí àwọn ọmọ ka fúrúùtù tó pọ́n nírọ̀lẹ́ kó tó ṣú, torí òórùn èyí tó pọ́n ló ń pè wọ́n. Máńgòrò rẹ, tó bá dé ìgbà tó ń pọ́n, o lè fi àwọ̀n bò ó, ṣùgbọ́n kí àwọ̀n náà jẹ́ èyí tí ìka ọwọ́ ò lè gbà kọjá. Àwọ̀n oníhò ńlá burú, àdán á há sínú ẹ̀, á sì kú pẹ̀lú ìrora. Àwọ̀n ẹ̀fọn tó ti gbó náà á ṣe é. Kẹ́ ẹ káṣọ wọlé kí ìrun mágàríbà tó dé. Kí bọ̀ọ̀dá onímọ́tò ra tapólì. Tí fúrúùtù bá tán lórí igi, wàá rí i pé wọn ò ní yà mọ́ títí di ìgbà tó bá tún so. Nínú ọgbà wa, bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, wọ́n máa ń dínkù gan-an. Wọ́n ń rìn tẹ̀lé èso ni. Mo ti kà á pé lọ́dọọdún, láti ìparí oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá, irú wọn tó tó mílíọ̀nù mẹ́wàá ń pé jọ sínú igbó kékeré kan ní Kasanka, lórílẹ̀-èdè Zambia, torí èso tó ń pọ́n níbẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á tú ká.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́, Òṣogbo

Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Mo dúpẹ́ pé aṣọ lẹ fi gbé ọmọ àdán yẹn, torí ohun tí mo fẹ́ fi kún un nìyẹn.

Àkànkẹ́, àdán lókè kì í ṣe ewu fún yín. Ewu wà tí èèyàn bá fọwọ́ lásán gbé e. Lọ́dún 1956 ni wọ́n rí àrùn kan lára àdán ajẹso ní Erékùṣù Èkó, tí wọ́n fi orúkọ Èkó pè ní Lagos bat virus. Ìbátan àrùn ajá dìgbòlugi ni. Kò tíì sí àkọsílẹ̀ ẹnì kan tó kó o, síbẹ̀ kò yẹ ká máa fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣeré. Ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọ: àdán tó bá wà nílẹ̀, tó kú o, tó yè o, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, kí wọ́n pe àgbà. Àgbà á fi ṣọ́bìrì gbé e. Bó bá gé ẹnikẹ́ni jẹ tàbí tó ha á lára, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an fún abẹ́rẹ́ àrùn ajá dìgbòlugi. Kí wọ́n má dúró dìgbà tó bá ń ro wọ́n.

Fúrúùtù tí eyín àdán bá wà lára ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọ jẹ ẹ́. Mo mọ̀ pé gbogbo wa la jẹ ẹ́ lọ́mọdé. Ẹ dá a nù. Kẹ́ ẹ sì dé táǹkì omi yín dáadáa tó bá jẹ́ omi òjò orí páànù lẹ ń gbè. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbá ìgbẹ́ wọn, ẹ kọ́kọ́ wọ́n omi sí i kó má baà kù bí eruku sí yín nímú.

Múfú Ògbómọ̀ṣọ́, Accra

Bàbá Onígi, gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ni mò ń fojú rí níbí. Accra ni wọ́n bí mi sí. Wọ́n lé àwọn òbí mi kúrò ní Gánà nígbà òfin 1969 tó ní kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde, àwa ọmọ la tún padà wá. Mò ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò nítòsí ibùdókọ̀ tí wọ́n ń pè ní 37. Ilé ìwòsàn àwọn ológun wà níbẹ̀, orí igi tó wà nínú ẹ̀ àti létí títì sì ni àdán ń sùn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Abẹ́ wọn làwọn trotro, ìyẹn ọkọ̀ akérò ibí, ti ń fọn fèrè láti ìdájí títí dòru. Wọn kì í mira.

Àwọn ará ibí ní ìtàn kan tí wọ́n ń sọ. Wọ́n ní ọba kan ló ń ṣàìsàn, wọ́n gbé e wá sílé ìwòsàn yẹn láti ìlú ẹ̀, àwọn àdán sì tẹ̀ lé e wá. Ọba ò dìde mọ́. Wọ́n ní àwọn àdán ò gbà pé ó ti kú, wọ́n ṣì ń retí ẹ̀ kí àwọn jọ padà sílé. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ìtàn yẹn wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ pa wọ́n níbẹ̀.

Bí òjò bá dé, wọ́n á dínkù títí tí igi á fi fúyẹ́. Bó bá di ìgbà ọyẹ́ báyìí, ẹ̀ka á tún tẹ̀ wálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Àkànkẹ́, ẹ mú sùúrù fún wọn.

Àkànkẹ́ Ilé-Ifẹ̀

Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ̀yin ènìyàn mi. Bàbá, mo ṣe ohun tẹ́ ẹ ní kí n ṣe. Láàárọ̀ àná, mo gbé ìgbálẹ̀, mo lọ sábẹ́ igi kí ẹnikẹ́ni tó jí. Mo rí ìhá náà! Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lẹ ṣe sọ ọ́. Mo fi igi tú ọ̀kan, ó gbẹ fúrúfúrú, ojú ibi tí eyín ti tẹ̀ ẹ́ ṣì hàn lára ẹ̀. Lọ́sàn-án mo wòkè títí ọrùn fi ń ro mí, mi ò rí àdán kankan. Oúnjẹ ni wọ́n ń wá jẹ.

Mo pe gbogbo ayálégbé jọ lálẹ́, mo ka ọ̀rọ̀ yín fún wọn. Bọ̀ọ̀dá onímọ́tò ní tí mo bá ké ẹ̀ka tó wà lókè mọ́tò, ọ̀rọ̀ ti tán. Ìyá tó ní ẹyẹ àjẹ́ ni kò sọ nǹkan kan, àmọ́ nígbà tí mo dé ibi ọmọ tó há ọmú ìyá ẹ̀ sẹ́nu, mo rí i tó fi etí aṣọ nu ojú. Onígi ń bọ̀ lọ́la fún ẹ̀ka méjì péré.

Bàbá, ohun kan wà tí mo fẹ́ bi yín. Lẹ́bàá táǹkì omi wa, irúgbìn kan hù nínú ibi tí sìmẹ́ǹtì ti là. Kò tíì ju orúnkún mi lọ. Ewé ẹ̀ máa ń ha mí lọ́wọ́ tí mo bá fọwọ́ pa á, omi funfun sì jáde nígbà tí mo já ọ̀kan. Mo ti fẹ́ fà á tu kó má baà fọ́ táǹkì.

Bàbá Onígi

Má fà á tu o, ọmọ mi! Wo etí ewé náà fún mi. Tó bá rí gbọọrọ láìní nǹkan kan, ó lè jẹ́ ọdán, a jẹ́ pé ká tètè yọ ọ́ kó tó ya sìmẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n tó bá ní eyín wẹ́wẹ́ yíká bí ayùn, bí ewé ìrókò tó ṣì kéré ṣe máa ń rí nìyẹn. Fi ìkòkò omi kan bò ó lọ́la kí àwọn onígi má baà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Èmi náà á wá lọ́jọ́ Sátidé, màá mú ọkọ́ kékeré àti ọ̀rá lọ́wọ́, ká lè hú u tòun tigbòǹgbò ẹ̀.